Ohun Tí Wọ́n Ń Gé Lábẹ́ Ọkọ̀ Wa

Gbé ọkọ̀ tòkunbọ̀ lọ bá wẹ́dà pé sálẹ́ńsà rẹ̀ ti jẹrà, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń di ọjà. Wẹ́dà á wọ abẹ́ ọkọ̀, á fọwọ́ kan nǹkan roboto tó wà láàárín páìpù, á ní: “Ọ̀gá, kátálíìsì yín ṣì wà níbẹ̀ o. Àwọn tó ń rà á ò jìnnà.” Bí ẹ bá gbà, wọ́n á gé e, wọ́n á jó páìpù òfìfo rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ á sì máa lọ. Mi ò bínú sí wẹ́dà, ebi ń pa ìlú. Ṣùgbọ́n ìdí nìyẹn tí mo fi pààrọ̀ sálẹ́ńsà Corolla mi fúnra mi, nílé, ní Kubwa.

Iṣẹ́ náà ò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Sálẹ́ńsà tí mo rà kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀, àmọ́ ihò bóòtù rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Ẹ jẹ́ kí páìpù tutù pátápátá. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jákì nìkan. Ẹ fi irin ìdúró gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ sì fi òkúta dí táyà tó wà nílẹ̀. Bóòtù tó ti dípẹtà ni ọ̀tá gidi: mo ti fín WD-40 sí wọn láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, síbẹ̀ ayùn irin ni mo fi rẹ́ ọ̀kan. Rọ́bà tí sálẹ́ńsà fi kọ́, omi ọṣẹ ló ń mú un yọ̀. Ẹ má sì fún bóòtù kankan pa títí gbogbo páìpù á fi jókòó sáyè wọn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn á wọ́, á máa gbá abẹ́ ọkọ̀. Ìta gbangba ni mo ti tan ẹ́ńjìnnì, mo wá da omi ọṣẹ sí oríkèé páìpù kí ó tó gbóná. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló ń jò. Carbon monoxide kò ní òórùn. Òun náà ló ń pa ìdílé mọ́jú tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ̀rídọ̀.

Kátálíìsì yìí ló ń sọ gáàsì yẹn di carbon dioxide. Platinum, palladium àti rhodium tín-ín-tín, lórí amọ̀ tó rí bí afárá oyin, ló ń ṣe é. Àwọn náà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ń lé e kiri. Bí a bá gé e, sensọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á mọ̀, iná ẹ́ńjìnnì á tàn, ẹ̀rọ ìyẹ̀wò á sì máa ka P0420. Mo ti rí mẹkáníìkì tó yọ gílóòbù iná náà. Ọ̀rọ̀ parí lójú tiẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé òjé inú pẹtiróòlù máa ń pa kátálíìsì. Ní Dakar, lọ́dún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Sàhárà fẹnu kò láti yọ òjé kúrò nínú epo, nígbà tí 2006 sì bẹ̀rẹ̀, ó ti kúrò. Ọpọlọ àwọn ọmọ wa ni wọ́n fi gbà là, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ kí kátálíìsì lè pẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ ní Cotonou tàbí Kánò. Ní 2020, ECOWAS tún fọwọ́ sí ìlànà èéfín Euro 4 fún ọkọ̀ tó ń wọlé, tuntun àti àlòkù, láti January 2021. Ọkọ̀ pẹtiróòlù ò lè dé ìwọ̀n yẹn láìsí kátálíìsì. Ibodè ni òfin yẹn ń wò. Àárín ìlú ni ayùn wà.

Àwọn VIO tó ń yẹ iná àti táyà wò lè bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Kí ẹni tó bá sì ń ra kátálíìsì máa kọ nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n ti gé e sílẹ̀.