Èèwọ̀ Mi Kì Í Ṣe Àìsàn

Láti ìgbà tí mo ti dé láti Amẹ́ríkà ni àwọn tí a jọ ń ṣe ọ̀sẹ̀ Ọbàtálá ti ń bi mí pé kí ni mo jẹ tí mo fi sanra bọ̀. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, ṣùgbọ́n ìtìjú wà nínú rẹ̀, èmi ni ojú sì tì.

Atlantic City ni ọmọ mi ń gbé, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Erékùṣù ni ìlú náà, òkun ló kọjú sí. Wọ́n fi pákó tẹ́ ọ̀nà gígùn kan sí etí òkun, Boardwalk ni wọ́n ń pè é, 1870 ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é. Láràárọ̀ ni mo ń lọ síbẹ̀ lọ kí Olókun kí n tó fẹnu kan nǹkan. Àlejò ni ìlú náà ń gbà jẹun. Láti 1978 tí ilé tẹ́tẹ́ àkọ́kọ́ ti ṣílẹ̀kùn níbẹ̀ ni àwọn ilé oúnjẹ olówó ńlá ti wà nínú wọn: ẹran yíyan lálẹ́ fún ẹni tó lówó, diner láàárọ̀ fún gbogbo ayé.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í fẹnu kan ọtí, torí Ọbàtálá. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ mí nífá, wọ́n tún ní n kò gbọdọ̀ jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ọdún kejìlélógún rèé. Nílé, kò nira. Ta ni yóò gbé ẹlẹ́dẹ̀ wá síwájú mi ní Òṣogbo?

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ìyàwó ọmọ mi ga níbi iṣẹ́, ọkọ rẹ̀ ní ká lọ jẹ steak. Ègé ẹran màlúù ni steak, ó nípọn tó ìka méjì, ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tà á. Tèmi jẹ́ 12 ounce, ìyẹn nǹkan bí 340 gram, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì gbé e fún o! Wọ́n á bi ọ́ bí o ṣe fẹ́ kó jinná tó. Bí o bá ní rare, inú rẹ̀ á pọ́n rokoṣo. Bí o bá ní medium, àárín rẹ̀ á pọ́n díẹ̀. Well done ló jinná délẹ̀, òun ni mo sì mú. Omi pupa ń ṣàn lára ti ọmọ mi, mo ní ṣé ẹ̀jẹ̀ lo fẹ́ mu ni. Ó ní kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, pé wọ́n ti ro ẹ̀jẹ̀ dànù níbi tí wọ́n ti pa màlúù, omi inú ẹran lásán ni.

Ẹran kọ́ ni ìṣòro, ohun tó tẹ̀lé e ni. Kí a tó sọ ohun tí a fẹ́ ni ọmọ mi ti ka ìwé oúnjẹ fún mi. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi wàrà sè, bacon wà nínú rẹ̀, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ sì ni bacon. Pòtétò, bacon wẹ́wẹ́ lórí rẹ̀. Ọbẹ̀ aláta tí wọ́n ń dà sórí ẹran, ọtí brandy wà nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ dúró tì wá, ó ń wo ẹnu mi. Àwọn tó jókòó yí wa ká wọ aṣọ olówó iyebíye. Mo fẹ́ sọ pé Òrìṣà mi ò jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun. Ni mo bá fi gẹ̀ẹ́sì mi sọ pé mo ní allergy, pé bí mo bá jẹ ẹlẹ́dẹ̀ tàbí tí mo tọ́ ọtí wò, àìsàn ni.

Ojú ọmọbìnrin náà yí padà. Ó sáré wọlé, ọ̀gá wọn jáde wá. Ó ní tó bá kan oúnjẹ mi lásán ńkọ́? Ṣé èémí mi máa ń há? Ṣé abẹ́rẹ́ wà nínú báàgì mi? Allergy kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ wọn, torí ó ń pa ènìyàn. Oúnjẹ mẹ́sàn-án ni òfin wọn kà sílẹ̀ fún un, bí ẹ̀pà, wàrà, ẹyin àti ẹja. 2023 ni yànmọ̀tí di ìkẹsàn-án. Ẹlẹ́dẹ̀ ò tilẹ̀ sí níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Wọ́n lọ fọ irin ìyanran, wọ́n pààrọ̀ páànù àti ọ̀bẹ. Ó lé ní ogójì ìṣẹ́jú tí a fi dúró, àwọn tó jókòó lẹ́yìn wa náà sì ń dúró.

Ni ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bá bi mí pé, "Màmá àgbà, ṣé ara yín ò yá ni? Ṣebí ẹ ní Ifá ló ní kí ẹ má jẹ ẹ́."

Mo ní kó mu omi rẹ̀.

Ó tún ní, "Ṣé ohun tí èmi náà á máa sọ níléèwé nìyẹn?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọdún tó ń bọ̀ la fẹ́ mú ọmọ náà wálé wá tẹ̀ ẹ́ nífá. Òun náà á gba èèwọ̀ tirẹ̀, á sì gbé e padà sáàárín àwọn ọmọ tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ló jẹ́wọ́ fún mi lórí fóònù pé òun jẹ èèwọ̀ òun níbi àsè iṣẹ́, torí ojú ń ti òun láti ṣàlàyé. Odindi oṣù kan ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yìí, ó gbọ́ irọ́ tí mo pa, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń gé ẹran rẹ̀. Ẹran náà rọ̀, àmọ́ mi ò mọ adùn rẹ̀ mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé ọ̀dọ̀ Olókun, mi ò rí ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ. Láti ibẹ̀, a lọ sí diner. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni diner fi bẹ̀rẹ̀: ní 1872, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Walter Scott ń ta oúnjẹ lóru nínú rẹ̀ ní ìlú Providence. Nígbà tó yá, àwọn ilé iṣẹ́ ní New Jersey ń kọ́ wọn bí ọkọ̀ ojú irin, wọ́n á sì fi ọkọ̀ gbé wọn lọ síbi tí wọ́n á ti máa tajà. Oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n ń tà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Àmọ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀ gan-an nìyẹn. Yàtọ̀ sí bacon, wọ́n ní pork roll, tí John Taylor bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Trenton ní 1856. Orí irin pẹrẹsẹ kan náà ni wọ́n ti ń dín gbogbo rẹ̀, ẹyin pẹ̀lú.

Obìnrin àgbàlagbà kan ló wá bá wa. Ọkàn mi ń lù. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, n kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀sìn mi ni. Òrìṣà ni mò ń sìn."

Ó ní, "Ó dáa, Màmá. Ẹ má jẹ pòtétò wa o, ọ̀rá bacon la fi dín in. Mo máa ní kí wọ́n fi bọ́tà dín ẹyin yín nínú páànù ọ̀tọ̀." Ó ní òun náà kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ Ẹtì nígbà ààwẹ̀ àwọn Kátólíìkì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó lọ. Ó parí!

Ẹ gbọ́ o: ká ní mo dákẹ́ ni, pòtétò yẹn ni mi ò bá jẹ.

Mo yíjú sí ọmọ mi, mo ní, "Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta yẹn, má bínú." Ó ní, "Màámi, ó ti tán."

Gbogbo wọn kọ́ ló máa dáhùn bíi ti obìnrin yẹn. Ẹlòmíràn lè rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń rìnrìn àjò, ẹ béèrè: ọ̀rá wo lẹ fi dín in? Ṣé ọtí wà nínú ọbẹ̀ yìí? Ṣé páànù ọ̀tọ̀ wà? Ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ bó ṣe rí. Nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ fi owó sílẹ̀ fún ẹni tó gbé oúnjẹ yín, ìdá kan nínú márùn-ún owó oúnjẹ ni èmi fi sílẹ̀.

Ọmọ-ọmọ mi náà nàró lórí àga rẹ̀, ó ní kí wọ́n má fi bacon sí tòun. Mo ní, "Ìwọ ò tíì ní èèwọ̀ o, jẹun ẹ." Ó sì jẹ ẹ́ tán.

Kí ẹnu wa má jẹ ohun tí Orí wa kọ̀. Kí ojú má tì wá láti sọ ọ́. Àṣẹ.