Ẹyin Tútù Kọ́ Ló Ń La Ohùn

Ti òní kì í ṣe ìwàásù, ọ̀rọ̀ ẹyin la fẹ́ sọ.

Àwọn akọrin kan láàárín wa ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, bí ètò ńlá bá ti ń bọ̀, ẹyin tútù ni wọ́n máa ń fọ́ sẹ́nu láàárọ̀, wọ́n ní kí ohùn lè là. Òmíràn á pò ó mọ́ mọ́ọ̀tì àti mílíìkì. Bí a bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Dádì, a ti dán an wò nínú omi, kò léfòó."

Ẹ jẹ́ ká yanjú ti omi yẹn ná. Èèpo ẹyin ní ihò wẹ́wẹ́ tójú ò lè rí. Bọ́jọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, omi inú ẹyin ń gba ibẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ sì ń rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹyin tó ti pẹ́ fi ń léfòó, tí tuntun ń sùn sísàlẹ̀. Òótọ́ lomi ń sọ, àmọ́ ọjọ́ orí ẹyin nìkan ló mọ̀. Salmonella, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti ibà, lè ti inú adìyẹ wọ ẹyin kí èèpo tó bò ó. Èyí tí adìyẹ yé láàárọ̀ yìí lè ní in. Kò ní rùn, àwọ̀ rẹ̀ ò sì ní yí padà. (Mọ̀lẹ́bí kòkòrò tífọ́ọ̀dù ni, àmọ́ ti tífọ́ọ̀dù gan-an, ara èèyàn ló ti ń wá, kì í ṣe ara adìyẹ.)

Ìyẹn ò ní kí ẹyin tó pẹ́ dára o. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó náírà wọ́n bí ojú. Àwọn olùsìn adìyẹ ké gbàjarè: adìyẹ ń yé, ẹyin ò tà, kírétì ń gorí kírétì. Bí kòkòrò díẹ̀ bá wà nínú irú ẹyin bẹ́ẹ̀, ooru tiwa yìí àti ọjọ́ pípẹ́ ló ń sọ díẹ̀ di púpọ̀. Torí náà, tẹ́ ẹ bá dé Òkè-Ajé, ẹ fi èyí tó wà nínú oòrùn sílẹ̀, ẹ fi èyí tó ti sán sílẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Àwọn kan á ní àwọn òyìnbó ń jẹ ẹ́ láìjinná. Ní December 1988, mínísítà kan n'Ílùú Ọba, Edwina Currie, sọ pé Salmonella ti wọ ọ̀pọ̀ jù lọ ẹyin wọn. Ọjà ẹyin dẹnu kọlẹ̀, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi kọ̀wé fipò sílẹ̀. Láti 1998 ni àwọn àgbẹ̀ wọn ti ń fún adìyẹ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, 2017 ni ìjọba tó sọ pé aboyún àti ọmọdé lè jẹ èyí tó ní àmì kìnnìún láìjinná tán. Kìnnìún wo ló wà lára tiwa?

Àwọn tó ní SS lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Kòkòrò yìí lè gba inú ẹ̀jẹ̀ wọn lọ bà sínú egungun, ilé á sì máa pè é ní kìráísìsì lásán. Ẹ mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, a ó máa gbàdúrà bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Aboyún, ìkókó àti àgbàlagbà náà, ẹ ṣọ́ra.

Ẹlòmíràn á tọ́ka sí Máàkù 16:18. Ẹsẹ yẹn ò rán ẹnikẹ́ni lọ wá májèlé mu. Nígbà tí Èṣù ní kí Jésù bẹ́ sílẹ̀ látorí tẹ́ńpìlì, Jésù ò bẹ́.

Ẹ má fọ ẹyin kẹ́ ẹ tó tọ́jú ẹ̀, omi lè ti ìdọ̀tí gba ihò yẹn wọlé. Ẹ fọwọ́ tẹ́ ẹ bá ti fọ́ ọ tán. Ẹ sè é tàbí kẹ́ ẹ dín in títí pupa àti funfun á fi le.

Ní ti ohùn, ọ̀nà oúnjẹ lẹyin ń gbà, kì í kan ibi tóhùn ti ń jáde. Tó bá ṣèèṣì débẹ̀, ikọ́ ni. Ẹ̀yin akọrin, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ lẹ máa bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ lọ́jọ́ Àìkú. Mummy á se ẹyin dè yín lẹ́yìn ìsìn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko nínú omi tó ń hó.