Ọgbà Méjì Nílùú Ìbàdàn: Èwo Ni Ká Mú Ọmọ Lọ?

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, bí ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ bá ti wọlé dé, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọ máa ń bi wá: "Màámi, níbo la ó lọ?" Bí Ìbàdàn bá ni ẹ ń gbé, tàbí tí ẹ ní ẹbí níbẹ̀ tí ẹ lè dé sí ọ̀dọ̀ wọn, ọgbà méjì ló ń bá ara wọn du àwọn ọmọ yín. Èkíní ni ọgbà ẹranko tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Èkejì ni Ọgbà Agodi. Ẹ jẹ́ kí a gbé méjèèjì yẹ̀ wò, nítorí owó oúnjẹ kì í ṣe ohun tí à ń ná láìronú.

Ọgbà ẹranko Yunifásítì ni ẹ̀gbọ́n. Ní 1948, ọdún tí ilé ẹ̀kọ́ gíga náà bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n kó ìwọ̀nba ẹranko jọ fún ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó di 1974, ó ti di ọgbà ẹranko ní kíkún. Níbẹ̀ ni ìran dé ìran ọmọ Ìbàdàn ti fojú rí kìnnìún, ọ̀nì, ọ̀bọ àti erè. Ẹ rò ó wò: à ń pàlọ́ ìjàpá àti kìnnìún fún àwọn ọmọ wa, ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló ti rí kìnnìún rí, bí kò ṣe nínú àwòrán? Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọmọ tó bá rí bí ọ̀nì ṣe ń dùbúlẹ̀ láìmira yóò béèrè ọ̀rọ̀ tí yóò mú ìyá rẹ̀ pàápàá ronú.

Ọdún 1967 ni wọ́n dá Ọgbà Agodi sílẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì tó 150 éékà. Igi tó ní ibòòji wà níbẹ̀, adágún omi wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni odò ìlúwẹ̀ẹ́ àti ibi tí àwọn ọmọ ti ń yọ̀ bọ́ sínú omi. Ẹ lè tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, kí ẹ ṣí kúlà, kí bàbá àwọn ọmọ sì na ẹ̀yìn. Ní ti eré àti ìsinmi, Agodi ló borí. Ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà ohun tí owó ìwọlé kó mọ́ra, kí owó mìíràn má baà yà yín lẹ́nu nínú ọgbà. Ẹ má sì mójú kúrò lára ọmọ létí omi. Ọmọ tó ń rì kì í sábà pariwo.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé ẹranko Agodi kò pọ̀ tó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Odò Ògùnpa kún àkúnya. Ó pa ènìyàn tó lé ní igba, ó sì gbá ẹranko Agodi lọ. Òjò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ sójú ọ̀nà omi àti pàǹtí tí a dà sínú odò ló dí i lọ́nà. Ó di 2014 kí ọgbà náà tó tún ṣílẹ̀kùn lákọ̀tun. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé mìíràn ti ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn. Omi wọ inú Yunifásítì, ó sì ba dúkìá púpọ̀ jẹ́.

Nítorí náà, èwo ni ká yàn? Bí ọmọ yín bá ti tó ẹni tí ń béèrè "kí ni èyí?", ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sí Yunifásítì. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ilé ló rẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ jókòó pọ̀ jẹun, ẹ kọrí sí Agodi. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kí ẹ lọ, ẹ mú àpò òfìfo kan dání, kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kó ọ̀rá àti ike tó lò sínú rẹ̀. Ẹ sọ ìtàn ẹranko tí omi gbé lọ fún un. Bí ẹ bá délé, ẹ má gbàgbé pé ojú gọ́tà iwájú ilé wa ni omi odò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.