Agbára Àyálò

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àwa ará Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kì í ṣe ará odò. Orí òkè ni Ọlọ́run fi wá sí. Ẹni tí ó bá dàgbà láàárín wa mọ bí a ti í gun òkè pẹ̀lú ẹrù lórí, ó sì mọ ọ̀nà oko tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpáta; ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ ọ́ sínú omi tí ó mù ún dé ọrùn, igbe ni yóò kọ́kọ́ ké. Àwọn ọmọ Ìlàjẹ, tí a bí sí etí omi, a máa tu ọkọ̀ kí wọ́n tó mọ ìwé kà. Ní tiwa, omi òjò ni a mọ̀, àti ìṣàn kéékèèké tí ń bọ̀ láti inú àpáta. Nítorí náà, bí mo bá ní mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà kò kan òmùwẹ̀ nìkan, ẹ̀bi tèmi sì wà nínú rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń gbé ìlú Òyìnbó. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì láya nílé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbà á lọ́kàn ní àkókò tí mo ń sọ yìí ni ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní triathlon. Nínú ìdíje yìí, ènìyàn yóò kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́; bí ó bá ti jáde nínú omi, yóò gun kẹ̀kẹ́; bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, yóò fi ẹsẹ̀ sáré. Oríṣiríṣi ni ó wà, èyí tí ó kúrú àti èyí tí ó gùn. Irú èyí tí ó gùn tí òkìkí rẹ̀ kàn jù bẹ̀rẹ̀ ní erékùṣù Oahu ní Hawaii ní oṣù Kejì ọdún 1978. Ọ̀gá kan nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, John Collins, àti Judy aya rẹ̀, ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ènìyàn 15 ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 12 ni ó sì parí rẹ̀. Ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 3.8, ti kẹ̀kẹ́ jẹ́ 180, ti eré ẹsẹ̀ sì jẹ́ 42.2, gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí ọmọ náà ka iye wọ̀nyí fún mi, mo bi í léèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣẹ̀ tí wọ́n fi dá a lẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ni òun fi owó òun sílẹ̀.

Ó wá kí wa ní oṣù Kejìlá ọdún kan. Kò fẹ́ kí ìgbáradì òun dúró nítorí ọdún Kérésìmesì, ni mo bá bá a lọ sí Ìkógòsì, tí kò jìnnà sí wa. Ẹ ti gbọ́ nípa omi Ìkógòsì: orísun méjì, ọ̀kan gbóná, èkejì tutù, wọ́n ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n fi pàdé. Láti ọdún 1952 tí McGee, míṣọ́nnárì Ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ti débẹ̀ ni òkìkí ibẹ̀ ti ń kàn kiri. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan wà níbẹ̀ tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ náà ń wọ̀. Mo jókòó sí etí rẹ̀ lábẹ́ igi, ọmọ náà sì wọ inú omi lọ.

Èmi jẹ́ olùkọ́. Bí mo bá ti jókòó sí ibì kan, àfi kí n máa ka nǹkan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ka iye ìgbà tí ó ń fi apá wọ́ omi láti etí kan dé èkejì. Ìgbà 22 ni. Ó lọ, ó bọ̀, 22 tàbí 23 ni. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sínú àpò rẹ̀, ó sì mú ohun méjì jáde tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Ike pẹlẹbẹ ni wọ́n, wọ́n fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ díẹ̀, a lu ihò sí wọn lára, rọ́bà kan sì di ìka àárín mú, òmíràn di ọrùn ọwọ́. Mo bi í pé kí ni ìwọ̀nyí. Ó ní àjẹ̀ ni, àjẹ̀ tí a ń so mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ó padà sínú omi, mo sì tún kà. Ìgbà 17 ni! Òmùwẹ̀ kan náà, omi kan náà, ó sì ń lọ bí ẹja.

Kò sí oògùn níbẹ̀. Bí ẹni tí ó ń tu ọkọ̀ bá fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ wọ́ omi, omi yóò gba ẹ̀gbẹ́ igi náà kọjá. Bí ó bá fi àjẹ̀ tí ó fẹ̀ wọ́ ọ, omi kò ní rí ibi gbà, ọkọ̀ ni yóò sì sún síwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ rí. Bí ó bá ti fẹ̀ sí i ni omi tí ó dì mú ń pọ̀ sí i, bí omi náà bá sì ti pọ̀ tó ni apá yóò ṣe ṣe iṣẹ́ tó. Ọmọ náà là á yé mi pé iṣẹ́ méjì ni òun ń fi wọ́n ṣe. Èkínní, wọ́n ń fún apá àti ẹ̀yìn òun lágbára. Èkejì, wọ́n ń sọ òtítọ́ fún òun: bí ọwọ́ òun bá wọ omi ní wíwọ́, tàbí bí òun bá jẹ́ kí ìgúnpá òun rẹlẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ nígbà tí òun ń fa omi, àjẹ̀ náà yóò gbọ̀n, yóò sì yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ lásán lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá kí ó má mọ̀.

Ó lọ ní ìgbà mẹ́rin péré pẹ̀lú wọn, ó sì bọ́ wọn. Ó tún fi ọwọ́ òfìfo lúwẹ̀ẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Mo ké sí i pé, “Èéṣe tí o fi bọ́ ohun tí ó ń mú ọ yára?”

Ó ní, “Bàbá, wọn kì í jẹ́ kí a lò ó lọ́jọ́ ìdíje. Ọwọ́ lásán ni a ó fi wọ omi.”

Òótọ́ sì ni. Nínú òfin ìdíje náà, èèwọ̀ ni àjẹ̀ ọwọ́ àti ohun bí ìrù ẹja tí wọ́n ń wọ̀ sẹ́sẹ̀. Mo fi etí gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, n kò fi ọkàn gbọ́ ọ. Ohun tí ó jókòó sí mi lọ́kàn ni 22 tí ó di 17.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ mọ̀ pé ìlú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ni Ẹ̀fọ̀n. Agbọ́nbíọ̀fẹ́, tí ó gbẹ́ àwọn òpó ààfin Aláayè, ti kú láti ọdún 1945, òkìkí iṣẹ́ rẹ̀ sì dé òkè òkun. Mo ronú pé bí ike kékeré bá lè ṣe tó báyìí, kí ni igi tí ó fẹ̀ jù ú lọ kò ní ṣe? Mo tọ gbẹ́nàgbẹ́nà kan lọ, mo ní kí ó fi igi ọmọ gbẹ́ àjẹ̀ méjì fún mi, kí wọ́n fẹ̀ tó àwo oúnjẹ, kí wọ́n sì dán. Ó ṣe wọ́n dáadáa. Ní ọjọ́ tí ọmọ náà ń padà lọ, mo gbé wọn fún un pẹ̀lú àdúrà, mo sì ní kí ó máa lò wọ́n lójoojúmọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Mo rí i pé ó wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó kó wọn sínú àpò. Mo rò pé ẹwà wọn ni ó ń wò.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń pè mí lórí fóònù, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo sì ń bèèrè pé, “Àjẹ̀ mi ńkọ́?” Yóò ní, “Wọ́n ń ṣiṣẹ́, Bàbá.” Inú mi a sì dùn. Mo ń ròyìn fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé iṣẹ́ ọwọ́ Ẹ̀fọ̀n wà nínú omi àwọn Òyìnbó.

Ìyá rẹ̀ ni ó tú àṣírí náà. Ó wá sọ́dọ̀ mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní ọmọ òun kò lè gbé apá ọ̀tún sókè láti wọ ẹ̀wù mọ́. Aya rẹ̀ ni ó ń bá a wọ̀ ọ́. Dókítà ti wò ó, ó ní iṣan inú èjìká rẹ̀ ti fara gbọgbẹ́, kò sì gbọdọ̀ wọ omi fún oṣù púpọ̀. Owó tí ó fi sílẹ̀ fún ìdíje ọdún náà ti lọ, ìdíje náà pàápàá ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí á jọ ṣe ìṣirò tí ó yẹ kí n ti ṣe ṣáájú. Bí ènìyàn bá ń lọ mítà kan ní ìgbàkúgbà tí ó bá fi apá kan wọ́ omi, yóò wọ́ ọ ní ìgbà 3,800 kí ó tó parí kìlómítà 3.8. Èyí jẹ́ ìgbà 1,900 fún èjìká kan. Ẹni tí ó ń múra kò sì ní lúwẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀. Iṣan kéékèèké ni ó di eegun apá mú sínú ihò èjìká. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n bóyá wọ́n lè ru ẹrù tí mo dì fún wọn láti Ẹ̀fọ̀n.

Mo pè é. Kí n tó lè la ẹnu, òun ni ó ń bẹ̀ mí. Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá, mi ò fẹ́ kí inú yín bàjẹ́ ni mi ò fi sọ.” Èyí ni ó dùn mí jù. Ó mọ̀ láti ọjọ́ tí mo gbé wọn lé e lọ́wọ́ pé wọ́n ti tóbi jù, ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ dáadáa kì í kọ ẹ̀bùn àgbà, àgbà náà sì ń bèèrè ẹ̀bùn rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìtọ́jú tí àwa fúnra wa tọ́ ọ ni ó fi gba ìpalára.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá wá ìwé kà, bí ẹni tí ń wá ọ̀já lẹ́yìn tí ọmọ ti já bọ́. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Benjamin Franklin, ọmọ Amẹ́ríkà tí a bí ní ìlú Boston ní ọdún 1706, ṣe irú àjẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́. Gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan tó íǹṣì 10, ìbú rẹ̀ tó 6, ihò sì wà lára rẹ̀ fún àtàǹpàkò, bí pátákó tí àwọn ayàwòrán ń po ọ̀dà sí. Nígbà tí ó dàgbà, ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé wọ́n mú òun yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n dá ọrùn ọwọ́ òun lágara. Ní ọdún 1726, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ 20 ọdún ní London, ó bẹ́ sínú odò Thames, ó sì lúwẹ̀ẹ́ láti ẹ̀bá Chelsea dé Blackfriars. Kò mẹ́nu ba àjẹ̀ kankan nínú ìtàn yẹn.

Ohun tí ó wá dójú tì mí ni pé mo ti mọ ọ̀rọ̀ yìí níbòmíràn. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni wọ́n ti kọ́ wa pé bí ọmọdé bá ń kọ́ ìṣirò, kí a fún un ní ohun tí yóò fọwọ́ kà, kí a sì máa gbà á kúrò díẹ̀díẹ̀. Ọdún kejì tí mo dé kíláàsì, ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi tí ó ń fi ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò ṣírò. Ó yára ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ń yìn ín, mo ń kó ìdérí sí i fún un, mo tilẹ̀ ń pe àwọn olùkọ́ mìíràn wá wò ó. Nígbà tí ìdánwò dé, a ní kí wọ́n kó gbogbo ohun ìṣirò kúrò lórí tábìlì. Ọmọ náà jókòó, ó ń wo ibi tí àwọn ìdérí rẹ̀ máa ń wà. Títí agogo fi lù, kò kọ ju orúkọ rẹ̀ lọ. Kì í ṣe òpè. Èmi ni mo jẹ́ kí ó gbà pé agbára ìdérí ni agbára tirẹ̀. Ó lé ní ogójì ọdún tí èyí ti ṣẹlẹ̀, ojú ọmọ náà kò tíì kúrò níwájú mi. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ dé inú omi, n kò dá a mọ̀ mọ́.

Èjìká náà san. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún wá sílé, a tún lọ sí Ìkógòsì. Àjẹ̀ tí ó mú wá lọ́tẹ̀ yìí kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò fi nǹkan kan fẹ̀ ju ọwọ́ rẹ̀. Ó ti yọ rọ́bà ọrùn ọwọ́ kúrò, ó ku ti ìka nìkan. Mo bi í bóyá ó já ni. Ó ní rárá, òun ni òun yọ ọ́, kí àjẹ̀ lè bọ́ sílẹ̀ bí òun bá ṣi omi fà. Ó bọ́ lẹ́ẹ̀mejì níṣojú mi, ó dúró, ó ṣà á, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó kó wọn sí etí adágún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì fi ọwọ́ òfìfo lọ. Mo kà á: 20. N kò sọ fún un. Ó parí ìdíje tirẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, èjìká rẹ̀ kò sì dùn ún.

Ó dá àwọn onígi padà fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó fi aṣọ wé wọn. Ìyàwó mi ti gba ọ̀kan, ó fi ń dé ìkòkò omi, ó sì bá a mu rẹ́gí. Èkejì wà lórí tábìlì tí mo ti ń kọ ìwé yìí.