Ta Ló Kọ Ọ́?

Ìyá àgbà mi ò mọ̀wé kà. Èmi ni ojú tí wọ́n fi ń kàwé láti ìgbà tí mo ti wà ní pírámárì. Ìwé iná o, káàdì ìgbéyàwó o, ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn o, èmi náà ni. "Wá bá mi wo eléyìí," wọ́n á ní, màá sì kà á bí àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Inú wọn máa ń dùn sí i gan-an. Inú tèmi náà máa ń dùn, kí n má parọ́.

Oṣù kẹjọ ọdún 2014 ni kíkà yẹn dá mi lẹ́jọ́. Ẹ ó rántí àsìkò náà. Patrick Sawyer ti gbé àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó láti Làìbéríà lóṣù keje, ẹ̀rù àtibọ ara ẹni lọ́wọ́ sì ti ń ba gbogbo wa. Ní ìdájí ọjọ́ kan, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ilé. Àǹtí mi kan ló kọ́kọ́ pè, lẹ́yìn náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: kí á fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí á sì mu lára ẹ̀, Ẹ̀bólà ò ní ran ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìyá àgbà ní kí n kà á.

Mo kà á. Mo ń túmọ̀ ẹ̀ bí mo ṣe ń kà á lọ, ohùn rédíò yẹn náà ni mo fi kà á.

"Ta ló kọ ọ́?" ni wọ́n bi mí.

"Ìjọba ni, Màmá."

Kò sí ìjọba kankan nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn. "Wọ́n ní" ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo fi ìjọba sí i, torí pé ọ̀rọ̀ náà jọ ohun tí ìjọba lè sọ, torí pé mo ti gbà á gbọ́ kí n tó kà á dé ìdajì.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá Ìyá àgbà jà. Dókítà ti ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, èmi kan náà ni mo sì ka ìwé dókítà yẹn sí wọn létí. Síbẹ̀, odindi ife omi iyọ̀ kan ni wọ́n mu. Kó tó di aago mẹ́jọ, orí ti ń fọ́ wọn, òòyì ti ń kọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa ló wá wọn ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ló pariwo, la bá gbé wọn lọ sọ́sípítù. Ọjọ́ méjì ni wọ́n lò níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ètò ìlera jáde láti sọ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn, ìwé ìròyìn sì gbé e pé àwọn kan ti kú níbòmíràn. Ìyá àgbà tèmi ò kú. Wọn ò tiẹ̀ bá mi wí. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Orí bẹ́ǹṣì sọ́sípítù ni mo ti ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí orúkọ dókítà kankan níbẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ ohun tí iyọ̀ máa ṣe fún àrùn yẹn nínú ara. Ẹ̀rù wà níbẹ̀, àṣẹ wà níbẹ̀, "fi ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn rẹ" náà wà níbẹ̀. Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo rí ni pé Ẹ̀bólà ti wọ Èkó. Òótọ́ kan yẹn ló pọn gbogbo irọ́ tó kù sẹ́yìn.

Mo rò pé mo ti gbọ́n lẹ́yìn ìyẹn. Mo dé yunifásítì, olùkọ́ wa kan ní kí á lọ ka ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Kò sọ nǹkan kan fún wa nípa ẹ̀. Lẹ́tà ni, láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ti gbáyé fàájì l'Ékòó, tí àìsàn wá dá gúnlẹ̀, tó ń kábàámọ̀. Mo sunkún. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, mo sunkún! Ìgbà tí a pàdé ní kíláàsì ni olùkọ́ wá sọ fún wa pé I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ló jókòó kọ gbogbo ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde bíi lẹ́tà lọ́dún 1929, ó sì sọ ọ́ di ìwé lọ́dún 1930. Kò sí Ṣẹ̀gilọlá níbì kankan.

Inú bí mi. Mo padà sílé, mo mú bíró, mo tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ń fàlà sí gbogbo ibi tó ti mú mi. Àwọn àdúgbò Èkó wà níbẹ̀, àwọn orin tí àwọn ará Èkó ìgbà yẹn mọ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni lè fojú ara ẹ̀ rí ló kó jọ. Orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gan-an ló fi pamọ́, ó ní ojú ń ti òun. Mo wo ìwé náà títí, ló bá dà bíi pé mo tún wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ pa wọ́n pọ̀ o. Thomas fẹ́ kí n sunkún ni, kí n sì ra ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó kọ ti iyọ̀ fẹ́ kí n mu nǹkan. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ láti máa bi ìwé léèrè pé, tí mo bá kà ọ́ tán, kí lo fẹ́ kí n ṣe?

Bí mo ṣe ń kàwé nìyí báyìí. Ìgbà àkọ́kọ́, mo máa ń jẹ́ kó gbé mi lọ, torí ẹni tó ń fura láti ojú ìwé kìíní ò ní gbádùn nǹkan kan. Ìgbà kejì ni bíró máa ń jáde. Gbogbo "wọ́n ní," gbogbo "ìwádìí fi hàn," gbogbo "ta ni ò mọ̀ pé," mo máa ń fàlà sí wọn nídìí. Lẹ́yìn náà, màá pa ìwé dé, màá wá ẹnì kan sọ ọ́ fún ní Yorùbá, pàápàá tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ dán an wò. Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé wọ́n ti ṣe nǹkan láìdárúkọ ẹni tó ṣe é, kí ó sì dùn létí. Tí ẹ bá gbé e wá sí Yorùbá, "wọ́n" á yọjú, ẹni tó ń gbọ́ yín á sì fẹ́ mọ̀ pé àwọn wo ni "wọ́n" yìí.

Mi ò kí ń ṣe é fún gbogbo nǹkan, jàre. Tó bá kan ìròyìn agbábọ́ọ̀lù tí kíláàbù mi fẹ́ rà, tútù ni mo ń gbé e mì.

Lọ́dún 2020, tí Kòrónà dé, tí kò sẹ́ni tó ń jáde, àǹtí mi yẹn náà tún fi nǹkan ránṣẹ́. Aáyù ni lọ́tẹ̀ yìí, kí á gbó o, kí á mu ún láàárọ̀ kùtùkùtù. Mo tún ohùn ṣe, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà gbọ́wọ́ sókè.

"Dúró ná. Ta ló kọ ọ́?"

"Wọn ò kọ orúkọ, Màmá."

"Kí ni wọ́n ní kí á ṣe?"

"Kí á mu ún, kí á sì fi ránṣẹ́ sí ogún èèyàn."

"Ogún?" Wọ́n fi ẹ̀rín ṣe é, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún gbé e wọ̀, bí ẹni pé àwọn gan-an ló fẹ́ kà á. "Ó dáa, kà á. Kí o rọra kà á o. Ohun tó wà níbẹ̀ nìkan ni kí o kà."