Láti Kandy sí Ella, Láàárín Oko Tíì

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjókòó nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ láti Kandy sí Ella, ní orílẹ̀-èdè Sri Lanka, kò gbọdọ̀ sùn gbàgbé. Kí ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù náà tó yọ lókèèrè ni èrò ti kún ìbùdókọ̀ dẹ́nu: àwọn òyìnbó tó pọn àpò bí òkè sẹ́yìn, àwọn tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, àwọn ìyá tó gbé ẹrù ọjà dání, àwọn ọmọ iléèwé tí aṣọ wọn funfun báláú. Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé kíláàsì kìíní tó ní ẹ̀rọ amúlétutù kọ́ ni àwọn arìnrìn-àjò ń dù. Fèrèsé ibẹ̀ kì í ṣí. Kíláàsì kejì àti ìkẹta ni wọ́n ń wá lójú méjèèjì, nítorí níbẹ̀ ni ènìyàn ti lè yọ orí síta kí afẹ́fẹ́ òkè fẹ́ sí i lójú, kí ó sì ya fọ́tò. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọn a na ara síta bí àdán. Àwọn kan ti bá irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lọ sọ́run.

Nǹkan bí kìlómítà 160 ni ọ̀nà náà, ó sì máa ń gbà tó wákàtí méje. Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Òkè ló ń gùn. Ojú irin kan ṣoṣo ló gun òkè náà, nítorí náà awakọ̀ kò gbọdọ̀ wọ abala kankan láìgba àmì àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìbùdókọ̀. Inú àpò kékeré tó so mọ́ òrùka ńlá kan ni àmì náà máa ń wà, ọwọ́ sí ọwọ́ ni wọ́n sì ń gbà á. Láyé íńtánẹ́ẹ̀tì yìí, òrùka yẹn ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ méjì kọ lu ara wọn lórí òkè.

Lẹ́yìn Peradeniya, oko ìrẹsì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Láti Nawalapitiya ni ọkọ̀ ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tó bá fi máa dé Hatton àti Talawakele, tíì ti gba gbogbo ilẹ̀. Igi tíì tí ènìyàn kò bá gé lórí lè ga ju òrùlé ilé lọ. Gígé ni wọ́n ń gé e kí ó má baà ju ìbàdí lọ, kí ọwọ́ lè tó ìrúwé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orí òkè fi rí bí ẹni tẹ́ ẹní aláwọ̀ ewé, ìlà lórí ìlà, tí ó ń yí po òkè bí irun dídì. Ìkùukùu a bo ibẹ̀, a sì tún ká. Omi a máa já bọ́ láti orí àpáta ní St Clair's. Ẹni tó bá sọ pé ibẹ̀ kò dára púpọ̀, irọ́ ló pa.

Nínú ewéko náà ni àwọn obìnrin wà tí wọ́n gbé àpò kọ́ orí, tó sì rọ̀ sẹ́yìn wọn. Ewé méjì àti ìrúwé kan tí kò tíì là ni wọ́n ń já, ọwọ́ wọn yá ju ojú lọ. Àwọn èrò inú ọkọ̀ a juwọ́ sí wọn. Nígbà mìíràn wọn a dáhùn, nígbà mìíràn wọn kì í gbójú sókè.

Orí òkè wọ̀nyí kì í ṣe ilẹ̀ tíì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Igbó kìjikìji ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó gba ìjọba Kandy ní ọdún 1815, ló gé igbó náà, kọfí ni wọ́n sì gbìn. Nítorí kọfí ni wọ́n ṣe la ojú irin láti Colombo wá sí Kandy, tó dé ibẹ̀ ní 1867. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni àrùn kan yọ, tó ń sọ ewé kọfí di pupa bí irin tó dípẹtà. Kó tó tó ogún ọdún, oko kọfí ti parun. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1867 yẹn kan náà ni ọmọ Scotland kan, James Taylor, ti gbin tíì sórí éékà 19 ní Loolecondera, nítòsí Kandy. Ohun tó dà bí ìdánwò lásán ló padà yọ àwọn olóko nínú gbèsè. Ojú irin bá tíì gun òkè lọ: ó dé Nanu Oya ní 1885, ó dé Bandarawela ní 1894, ó sì parí sí Badulla ní 1924.

Ní 1890 ni Thomas Lipton, oníṣòwò oúnjẹ láti Glasgow, dé síbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra oko. Dambatenne, nítòsí Haputale, wà lára wọn. Orúkọ yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Nínú ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ wa, Lipton ni wọ́n ń pe tíì, irú èyí tí ì báà jẹ́, ọmọdé tí wọ́n sì rán lọ ra Lipton kì í béèrè bóyá orúkọ ènìyàn ni. Ibi gíga kan wà lókè Dambatenne títí dòní tí wọ́n ń pè ní Ìjókòó Lipton, níbi tí wọ́n ní ọkùnrin náà máa ń jókòó sí wo ohun ìní rẹ̀.

Taylor gbin tíì, Lipton tà á. Ta ló já a?

Àwọn Tamil láti gúúsù Íńdíà ni. Láti ayé kọfí ni wọ́n ti ń kó wọn wá. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi sọdá òkun tóóró tó pààlà sáàárín ilẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn la igbó kọjá dé orí òkè. Àìmọye ló kú sójú ọ̀nà, tí ibà àti onígbáméjì pa. Gbèsè owó ọ̀nà ni àwọn tó yè fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí Ceylon, bí wọ́n ṣe ń pe ìlú náà nígbà náà, gba òmìnira ní 1948, òfin kan jáde lọ́dún náà tó sọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn di ẹni tí kò ní orílẹ̀-èdè, ẹ̀tọ́ ìbò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní 1964, Sirimavo Bandaranaike ti Ceylon àti Lal Bahadur Shastri ti Íńdíà fọwọ́ sí àdéhùn: kí 525,000 lọ sí Íńdíà, kí 300,000 dúró, kí ọ̀rọ̀ 150,000 tó kù di ọjọ́ iwájú. Bí ìgbà tí ènìyàn ń pín iṣu ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n “padà sílé” ni kò fojú kan Íńdíà rí láyé wọn. Láti àwọn ìbùdókọ̀ orí òkè wọ̀nyí ni wọ́n ti wọ ọkọ̀ lọ sí Talaimannar, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé wọn sọdá. Pèpéle tí àlejò ń dúró lé ya fọ́tò lónìí, orí rẹ̀ ni ìyá àti ọmọ ti sunkún ya ara wọn. Ó di ọdún 2003 kí òfin tó fún àwọn tó ṣẹ́ kù ní ẹ̀tọ́ ọmọ onílẹ̀.

Ìgbésí ayé wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ilé gbọọrọ oníyàrá kọ̀ọ̀kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́, tí wọ́n ń pè ní láìnì, ni ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ń gbé, ìran kẹta tàbí ìkẹrin nínú yàrá kan náà. Ní 2021, lẹ́yìn ìjà ọlọ́dún gbọọrọ, owó iṣẹ́ òòjọ́ di rúpìì 1,000. Àmọ́ nígbà náà, lórí ọ̀pọ̀ oko, ẹni tí kò bá já ewé tó nǹkan bí kìlógíráàmù 18 kì í gbowó náà pé. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ṣàdédé fòfin de ajílẹ̀ oníkẹ́míkà, kó tó yí ohùn padà kí ọdún tó parí. Bí ewé bá ṣọ̀wọ́n lórí igi, ta ni ìyà rẹ̀ kọ́kọ́ ń jẹ bí kò ṣe ẹni tí wọ́n ń fi òṣùwọ̀n sanwó fún?

Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò sí lára fèrèsé. Ní Pattipola, tó ga ní mítà 1,898 sókè òkun, tí kò sí ìbùdókọ̀ tó ga tó o ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, òtútù a mú kí àlejò wá aṣọ òtútù kiri. Àwọn oníṣòwò a máa ti ẹnu ọ̀nà kan bọ́ sí èkejì, wọn a máa polówó vadai, àkàrà tí wọ́n fi ẹ̀wà wẹ́wẹ́ dín tí wọ́n fi edé lé lórí, tí wọ́n sì fi ojú ewé ìwé ọmọ iléèwé pọ́n. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tán lè ka ìṣirò tí olùkọ́ ti fa igi pupa sí. Ní Haputale, ilẹ̀ a ṣí sílẹ̀ lójijì, pẹ̀tẹ́lẹ̀ a sì tẹ́ lọ salalu nísàlẹ̀ bí ẹni wo ayé láti orí òrùlé.

Lẹ́yìn Ella ni afárá olójú mẹ́sàn-án wà, tí wọ́n fi òkúta, bíríkì àti sìmẹ́ǹtì kọ́ parí ní 1921 láìfi irin sí i. Ogunlọ́gọ̀ ló máa ń dúró sí ẹ̀bá òkè lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n gbé fóònù sókè, tí wọ́n ń retí ọkọ̀. Bí ó bá ti kọjá, ariwo a sọ, gbogbo wọn a sì túká lọ wá oúnjẹ. Nígbà náà ni àwọn obìnrin bíi mélòó kan a gba orí ojú irin kọjá pẹ̀lú àpò lẹ́yìn, nítorí òun ló yá jù dé ibi òṣùwọ̀n, akọ̀wé tó ń kọ iye ewé kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni.