Kí Ìró Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ Má Baà Sọnù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti fún orin àpàlà kan pọ̀ jù kó lè di MP3, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ tẹ́tí sí. Ọ̀rọ̀ ìlù kì í tètè sọnù. Ẹni tó gbọ́ ìlù yóò ṣì gbọ́ ohun tí àyàn ń wí. Ohùn Haruna Ìṣọ̀lá yóò wà níbẹ̀, agídìgbo yóò máa dún lábẹ́ rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ara ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kú. Dípò kó máa dún ṣàkà, ṣàkà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, a wá máa hó ṣùùù.

Ilé wa ní Ìbàdàn kún fún àwo. Bàbá mi kì í ṣe olówó, ṣùgbọ́n bí Ebenezer Obey tàbí Sunny Adé bá ti gbé àwo tuntun jáde, kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ti mọ ìró wọn kí n tó mọ ìwé kà. Nígbà tó wá di pé à ń lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń da orin sórí mẹ́mórì káàdì, inú mi dùn gan-an pé mo rí orin bàbá mi gbé sápò. Àwọn oníṣòwò yẹn ṣe ayé lóore. Wọn kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ orin àtijọ́ kú. Àmọ́ orin ọwọ́ wọn ti jẹ́ àfúntúnfún, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ inú rẹ̀ sì ti lọ.

Iṣẹ́ ọgbọ́n ni MP3. Àwọn onímọ̀ Fraunhofer ní Erlangen, Jámánì, wà lára àwọn tó ṣe é. Wọ́n wo bí etí ṣe ń ṣiṣẹ́: ìró ńlá máa ń bo ìró kékeré tó wà nítòsí rẹ̀, nítorí náà wọ́n ń yọ èyí tó fara pamọ́ dànù. Orin inú CD, tí wọ́n ń wọn ohùn rẹ̀ nígbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ń gba bíi mẹ́gábáìtì 10 fún ìṣẹ́jú kan. MP3 oní-128 (kílóbíìtì 128 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan) kò gbà ju bíi mẹ́gábáìtì kan lọ. Nínú orin tó ń lọ jẹ́jẹ́, etí lè má fura. Ṣùgbọ́n ìró tó bá là lójijì, bíi ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo, ń yọ MP3 lẹ́nu. Ó máa ń gé ohùn ní ègé-ègé kó tó fún un, àbùkù inú ègé kan a sì tàn ká gbogbo rẹ̀, tí ariwo wẹ́wẹ́ á fi ṣáájú ìró náà dé.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo bàbá mi sórí kọ̀ǹpútà ni mo mọ iyì FLAC, irú fáìlì orin tí Josh Coalson gbé jáde ní 2001, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Aṣọ òkè tí a ká sínú àpótí ni: àyè tó gbà dín kù, bí a bá sì tú u, kò sí òwú kan tó já. Ó ń fi àwọn nọ́ńbà ohùn tó ti kọjá fojú díwọ̀n èyí tó kàn, ó wá ń kọ ìyàtọ̀ nìkan sílẹ̀. Bí a bá fẹ́ gbọ́ orin, ẹ̀rọ á tún fojú díwọ̀n bákan náà, á fi ìyàtọ̀ kún un, ohùn á sì padà bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Nítorí èyí, àwo tó ti họ, tó ń ta pàràpàrà, máa ń gba àyè ju èyí tó mọ́ lọ: kò sí bí ẹ̀rọ ṣe lè mọ ìgbà tí àwo tó họ yóò ta.

Sansa Clip+ ti SanDisk ni mo fi ń gbọ́ ọ, ẹ̀rọ kékeré tí kò kún àtẹ́lẹwọ́. Mo fi Rockbox sí i, ètò ọ̀fẹ́ tí àwọn ará Swídìn kan kọ́kọ́ ṣe fún ẹ̀rọ Archos. (Rockbox lè ka orúkọ orin sókè fún ẹni tí kò ríran, èyí nìkan tó kí a yìn wọ́n.) Títú FLAC kò ni ẹ̀rọ lára. Nínú ẹ̀rọ àtijọ́ tó ní díìsìkì tó ń yí, fáìlì ńlá ń jí díìsìkì léraléra, bátìrì a sì tètè lọ. Mẹ́mórì káàdì kò ní wàhálà yẹn.

Nínú ọkọ̀ Ìbàdàn sí Èkó, n kò lè sọ pé mo mọ ìyàtọ̀ FLAC sí MP3 oní-320. Nínú ilé tó dákẹ́ pàápàá, ó ṣòro. Ibi tí ìyàtọ̀ ti hàn kedere ni ibi tí orin kan ti ń wọ inú òmíràn. Àwọn ọ̀gá jùjú kì í fẹ́ dá ìlù dúró: ojú àwo kan lè máa lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsinmi, oríkì ọ̀tọ̀kùlú kan á fà wọ inú ti èkejì. Bí a bá gé e sí fáìlì MP3, ìdákẹ́ díẹ̀ máa ń kún orí àti ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan; ẹ̀rọ tí kò bá mọ bí a ṣe ń fò ó á já ìlù mọ́ oníjó lẹ́sẹ̀. FLAC kò fi nǹkan kan kún un.

Síbẹ̀, ìpamọ́ ló ká mi lára jù. Ọ̀pọ̀ àwo àpàlà àti sákárà ilé wa ni n kò rí níbi tí wọ́n ti ń ta orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá fi MP3 gbà wọ́n sílẹ̀, tí àwọn ọmọ mi tún yí wọn sí irú fáìlì tí ìgbà tiwọn bá ń lò, wọ́n á máa yọ lára ohun tí a ti yọ tẹ́lẹ̀. Láti inú FLAC, a lè ṣe èyíkéyìí. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ní MP3 làwọn fẹ́ fún ọkọ̀ àwọn. Mo ṣe é ránṣẹ́ sí wọn, FLAC sì wà nílé láìfarapa.

Ọ̀pọ̀ fóònù tuntun kò ní ihò íàpíìsì mọ́, Bluetooth tí a sì ń lò dípò rẹ̀ sábà máa ń yọ lára orin kó tó gbé e dé etí, ì báà jẹ́ FLAC ni fáìlì náà. N kò tíì ṣe tán láti fi okùn íàpíìsì mi sílẹ̀. Àwọn àwo sákárà Yusuf Ọlátúnjí ni mo ń gbà sílẹ̀ báyìí, ojú kan lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn tí mo bá ti fọ̀ wọ́n. Àwọn tó sì ti họ jù ni mo fi ṣáájú.